Ọkọ̀ Tó Ń Fà Sọ́tùn-ún

Ọjọ́ kẹtàlélógójì tí mo wọ opó ni fọgánáísà àdúgbò wa wá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà ọkọ̀ tó wà lójúde. Èmi kọ́ ni mo pè é. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló pè é, torí wọ́n fẹ́ ta ọkọ̀ náà, wọn ò sì fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ rà á wá bá a kó ti jókòó sílẹ̀ pátápátá. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, mò ń wò ó. Kò sí iṣẹ́ míì tí mò ń ṣe lásìkò yẹn ju kí n máa wo nǹkan lọ. Wọ́n á gbé oúnjẹ wá, màá wò ó. Ewúrẹ́ á wọlé, màá wò ó títí yóò fi jáde. Mi ò tíì sunkún láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín. Àwọn obìnrin ilé ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi pé ọkàn tíṣà mà le o. Mo gbọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ.

Fọgánáísà fẹ́ táyà iwájú lápá òsì, ó fẹ́ ti ẹ̀yìn, ó wá yí sápá ọ̀tún. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dìde. Ó padà sápá òsì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó wá gbójú sókè wò mí.

"Ìyá, ta ló fi táyà wọ̀nyí sí i fún yín?"

"Bí wọ́n ṣe fi sí i ní yáàdì tí a ti rà á nìyẹn. Kí ló dé?"

"Háà! Wọ́n ṣe yín o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ tíṣà, ẹ wá ka ohun tó wà níbí."

Mo dìde, mo lọ kà á. Nọ́ńbà wà lára táyà. Lára méjèèjì tó wà lápá òsì, 195 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Lára méjèèjì tó wà lápá ọ̀tún, 185 ni. Ó ní àwọn ti òsì ga ju ti ọ̀tún lọ, ìyàtọ̀ náà kò tó ìbú ìka kan, ojú lásán ò lè rí i, àmọ́ ọkọ̀ á mọ̀. Ó ní ọkọ̀ tí wọ́n bá wọ irú bàtà yìí fún, apá ọ̀tún ni yóò máa fà sí ṣáá, ẹni tó ń wà á á kàn máa bá sítíárín jìjàkadì ni.

"Apá ibo lo ní?"

"Ọ̀tún, Ìyá."

Mo padà lọ jókòó. Ó fẹ́ táyà tó kù, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó kí mi, ó lọ. Mi ò rántí bóyá mo dá a lóhùn.

Lọ́rì ni ọkọ mi wà láyé rẹ̀. Ó kó iṣu láti Ṣakí lọ sí Ìbàdàn, ó kó o lọ sí Èkó, kó tó di pé orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Bí àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá jókòó, tí olúkúlùkù ń ròyìn ibi tí ikú ti yẹ̀ lórí rẹ̀, tirẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: òun ò gbá adìyẹ ẹnikẹ́ni rí. Àwọn ọmọ á máa fi í ṣẹ̀rín. "Bàbá, adìyẹ ńkọ́?" Òun náà á ní, "Kò sí ẹ̀jẹ̀ adìyẹ lọ́rùn mi." Ohun tó fi ń yangàn nìyẹn. Kò kàwé, kò kọ́ ilé alájà, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò mọ ọkọ̀ wà.

Nígbà tó ta lọ́rì rẹ̀, ó ní òun ò lè máa gun ọ̀kadà lọ sí oko kajú òun ní ọ̀nà Tẹ̀dé. A wá lọ ra tọ́kunbọ̀ kékeré kan ní yáàdì kan ní Ìsẹ́yìn. Ọ̀gá tó ni yáàdì náà kì í ṣe àjèjì sí wa. Bàbá rẹ̀ àti ọkọ mi jọ wa lọ́rì ni, ọkọ mi sì gbé ọmọ yẹn jó lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ó ṣèlérí táyà tuntun mẹ́rin fún wa, ó sì mú ìlérí ṣẹ. Ó tún fi irin gbígbóná tẹ lẹ́tà méjì tó jẹ́ ti yáàdì rẹ̀ sára táyà kọ̀ọ̀kan lójú wa, kí fọgánáísà kankan má bàa fi ògbólógbòó pààrọ̀ rẹ̀. Ọkọ mi ń yìn ín. "Tíṣà, ọmọ yìí mọṣẹ́." A ṣe fàtíhà, a gbéra.

A ò tíì dé Òkèhò tó fi sọ ọ́. "Tíṣà, ọkọ̀ yìí ń fà mí sọ́tùn-ún."

Mo ní, "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lórí lọ́rì ni. Ẹ máa mọ̀ ọ́n."

Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Ṣakí. Ìyẹn wọ abẹ́ ọkọ̀, ó jáde, ó ní kò sí nǹkan kan, àfi kí wọ́n ṣe aláìmẹ́ǹtì, ìyẹn títo ẹsẹ̀ ọkọ̀ kó dọ́gba. Wọ́n ṣe é. Ó ṣì ń fà. Kò sẹ́ni tó wo táyà nínú wọn. Táyà tuntun ni, kí ni wọ́n fẹ́ wò níbẹ̀? Mo ní kó gbé e padà sí Ìsẹ́yìn, ó kọ̀. Ó ní, "Kí n wá lọ sọ fún ọmọ tí mo gbé jó pé mi ò mọ ọkọ̀ wà mọ́?" Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí nìyẹn. Ó ti ń rò ó nígbà yẹn pé ọwọ́ òun ni, mo wá mọ̀ báyìí. Nígbà náà, ohun tí èmi ń rò ni pé agídí rẹ̀ náà ni.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ìyá tó ń ṣe èlùbọ́ máa ń sá iṣu wọn sí etí títì lọ́nà Tẹ̀dé, torí ọ̀dà tètè ń mú un gbẹ. Gbogbo awakọ̀ ló mọ̀, wọ́n á rọra yà fún un. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ń bọ̀ láti oko, ọkọ̀ yà bàrá sọ́tùn-ún, ó gun orí iṣu obìnrin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ máa gbọ́ bó ṣe ń fọ́ lábẹ́ táyà. Obìnrin náà kígbe, ó ká ọwọ́ lérí. "Bàbá, ṣé ẹ ò ríran ni?"

Mo bọ́ sílẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́. Àwọn èèyàn ti ń pé jọ. Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀, ó dúró ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ń wo iṣu tó ti di lẹ́búlẹ́bú yẹn. Ojú tì mí. Ojú tì mí débi pé inú bí mi, mo sì yíjú sí i níwájú gbogbo wọn.

Mo ní, "Bàbá wọn, ojú yín ti lọ. Ọwọ́ yín náà ti lọ. Ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó pààyàn."

Ó ní, "Tíṣà, ọkọ̀ ló ń fà."

Mo ní, "Ọkọ̀ ni àbí ẹ̀yin?"

Kò tún sọ ọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá pẹ̀lú Náíbì, igbákejì lémọ́ọ̀mù mọ́ṣáláṣí wa. Èmi ni mo lọ pè wọ́n, kí n má parọ́. Àwa mẹ́rin la wà ní pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ó tó àkókò ìsinmi, Náíbì ṣàdúrà, wọ́n ní kó mú kọ́kọ́rọ́ wá. Ó yọ ọ́ lápò, ó gbé e sórí tábìlì. Kò jiyàn. Mo mú un, mo lọ fi í sínú agolo tí mo ń kó abẹ́rẹ́ àti òwú sí nínú yàrá. Mo mọ̀ pé kò sí ọkùnrin tí yóò dé ìdí agolo abẹ́rẹ́.

Láti ìgbà náà ló ti ń jókòó sí ọ̀kánkán ọkọ̀. Bó bá kírun àárọ̀ tán, á bu omi, á nù ún látòkè délẹ̀, á wá jókòó. Bí mo bá ń lọ sọ́jà, á ní, "Tíṣà, ó dàbọ̀." Bí mo bá dé, ibẹ̀ náà ni màá bá a. Kò ṣàìsàn tó le. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sùn lẹ́yìn ìrun, kò jí. Táyà kọ́ ló pa á, mi ò ní purọ́ mọ́ táyà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á, ó sì ti ń bá a fínra tipẹ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó kú yẹn ti gbà pé òun ò mọ ohun kan ṣoṣo tí òun mọ̀ mọ́, èmi ni mo sì sọ ọ́ fún un lójú títì.

Nítorí náà, nígbà tí fọgánáísà lọ tán, mo mú fóònù, mo pe ọ̀gá oníyáàdì.

"Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Mo ní lọ́kàn láti tún wá kí yín."

"Àmín. Táyà ọkọ̀ wa kò dọ́gba."

"Kò dọ́gba bí i báwo, Màmá?"

Mo ka nọ́ńbà fún un. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín oníṣòwò. Ó ní oṣù mẹ́ta làwọn ń fún èèyàn láti dá nǹkan padà, tiwa sì ti kọjá. Ó ní, yàtọ̀ síyẹn, ta ló mọ iye fọgánáísà tó ti fọwọ́ kàn án ní Ṣakí? Wọ́n lè ti pààrọ̀ rẹ̀.

"Lẹ́tà yáàdì rẹ wà lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin," mo ní. "Èyí tí o fi irin tẹ̀ lójú wa. Àbí fọgánáísà Ṣakí náà ní irin rẹ lọ́wọ́?"

Mo ń gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń lu irin lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n ṣèwádìí, Màmá."

"Ṣe ìwádìí rẹ. Mo wà nínú opó, mi ò lè wá sí Ìsẹ́yìn. Ìwọ lo máa wá."

Kò wá. Mo wá ń pè é láràárọ̀, lẹ́yìn tí mo bá mu ẹ̀kọ tán. Nígbà míì á gbé e, á ní òun wà lọ́nà. Nígbà míì kò ní gbé e. Ó yẹ kí inú bí mi, kò bí mi. Mò ń pè é bí mo ṣe ń pe rẹ́jísítà nígbà tí mo wà níléèwé: bó o wà, o wà; bó ò sí, mo sàmì sí i, ó di ọ̀la. Àwọn ọmọ mi ní kí n fi sílẹ̀, wọ́n ní wọ́n máa ta ọkọ̀ náà bó ṣe wà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní opó kì í fa ọ̀rọ̀. Mo ní mo ti gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo tún pè é.

Ọjọ́ kẹrìndínláàádọ́rin ni ọ̀gá oníyáàdì tó wá. Ó mú bàbá àgbàlagbà kan dání tí yóò bá a bẹ̀bẹ̀, ó sì kó táyà tuntun mẹ́rin sẹ́yìn ọkọ̀. Opó ò gbọdọ̀ dá gba àlejò ọkùnrin, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní láti wà níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n lọ pe Náíbì wá pẹ̀lú. Wọ́n ní kí ni Náíbì fẹ́ ṣe nínú ọ̀rọ̀ táyà? Mo ní kí wọ́n ṣáà bá mi pè é.

Ọ̀gá oníyáàdì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá tó mú wá bẹ̀rẹ̀. "Ẹ má bínú, ìyá wa. Iṣẹ́ èṣù ni."

Mo ní, "Èṣù ò ní yáàdì ní Ìsẹ́yìn, Bàbá. Ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, "Ìyàwó wa, ó ti dọ̀bálẹ̀. Ó tún kó táyà dání. Kí ló tún kù?"

"Ó ku ẹnu, Alájì. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀."

Ó wá sọ ọ́. Ó ní lọ́jọ́ tí a gbé ọkọ̀ yẹn, méjì làwọn fẹ́ fi táyà sí: tiwa àti ti ọkùnrin kan láti Ìwéré-Ilé, tí táyà tirẹ̀ kéré ju tiwa lọ. Jáàkì kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, wọ́n kọ́kọ́ ṣe apá òsì ọkọ̀ méjèèjì, wọ́n wá to táyà apá ọ̀tún kalẹ̀, ti ibí níbí, ti ọ̀hún lọ́hùn-ún. Bí wọ́n ṣe pe ìrun Alásárì nìyẹn, gbogbo wọn lọ kírun. Kí wọ́n tó dé, ẹnì kan ti bá wọn sún táyà kúrò lóòrùn, ó sì gbé ti ibí sọ́hùn-ún, ti ọ̀hún síbí. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n mú èyí tó sún mọ́ wọn, torí wọ́n rò pé bí àwọn ṣe fi í sílẹ̀ ló ṣe wà.

Mo rántí ọjọ́ náà. Ọkọ mi wà nínú àwọn tó lọ kírun yẹn. Kẹ́tùlù omi kan náà ni òun àti ọ̀gá yìí fi ṣe àlùwàlá.

"Ọkùnrin Ìwéré-Ilé yẹn," mo ní, "ṣé ọkọ̀ tirẹ̀ ò fà?"

Ó wolẹ̀. "Ó fà, Màmá. Sápá òsì."

"Ó padà wá?"

"Lọ́sẹ̀ kejì. Ó pariwo gan-an ní yáàdì. A pààrọ̀ méjì fún un."

"Lọ́jọ́ tí o rí i pé tirẹ̀ ò dọ́gba, o mọ̀ pé tiwa náà ò dọ́gba."

Bàbá tó bá a wá bẹ̀bẹ̀ bojú wo ẹ̀gbẹ́ kan.

"Mo mọ̀, Màmá. Mo ní bí Bàbá bá ti sọ̀rọ̀, kíá ni màá ṣe é. Bàbá ò sọ̀rọ̀. Mo wá rò pé kò yọ wọ́n lẹ́nu. Ọ̀gá awakọ̀ ṣáà ni wọ́n."

Mo ní, "Alájì àti Náíbì nìyí. Àwọn ni wọ́n jókòó síbí gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, pé kò mọ ọkọ̀ wà mọ́. Sọ fún wọn. Ṣé ọwọ́ rẹ̀ ni àbí táyà rẹ?"

Ó kúnlẹ̀. Ọkùnrin tó tó báyẹn. "Táyà mi ni, Bàbá. Ọwọ́ wọn kọ́. Kò sí nǹkan kan tó ṣe ọwọ́ wọn."

Náíbì ní, "Subuhánaláì." Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Ó ní, "A fi ìwọ̀sí lọ̀ ọ́. Àbúrò mi." Mo ní, "Èmi ni mo wá pè yín, Alájì. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́." Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti ń pe fóònù, mo sì ti gbọ́ ọ. Mo ń dúró kí nǹkan ṣe mí. Nǹkan kan ò ṣe mí.

Wọ́n pe fọgánáísà àdúgbò wa, ó yọ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi àwọn tuntun sí i. Kó tó de ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń ka nọ́ńbà ara rẹ̀ sókè, kí gbogbo ilé gbọ́. Nígbà tó parí, ọ̀gá oníyáàdì ní òun máa wà á díẹ̀ lọ sọ́nà Tẹ̀dé, kó lè dá wa lójú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, "Ìyàwó wa, kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

Mo wọ yàrá lọ. Mo gbé agolo abẹ́rẹ́ sílẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù, mo ṣí i. Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí èmi ò fi síbẹ̀. Láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ ọkọ mi ni, èyí tó máa ń wà lápò àyà rẹ̀ nígbà gbogbo, tó fi ọ̀rá wé kí òógùn má bàa bà á jẹ́. Mo tú u. Àwòrán rẹ̀ nìyẹn, ó fajú ro bó ṣe máa ń fajú ro sí oníkámẹ́rà. Mo wo ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ó ku ọdún méjì kí agbára rẹ̀ tó tán.

Ó ti mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Gbogbo àárọ̀ tí mo fi lọ sọ́jà, tí mo fi òun àti ọkọ̀ sílẹ̀ nílé, ó lè mú un kó sì wà á lọ, mi ò ní mọ̀. Kò mú un. Ṣe ló gbé láísẹ́ǹsì rẹ̀ wá fi tì í. Ohun tí mo sọ fún un lójú títì, ó gbà mí gbọ́.

Wọ́n ń pè mí níta. Mo na kọ́kọ́rọ́ sí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ìlẹ̀kùn, mo padà lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú láísẹ́ǹsì lọ́wọ́. Mo gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe gbéra, mo gbọ́ nígbà tó padà dé. Ọ̀gá oníyáàdì sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ ìlẹ̀kùn.

"Màmá, tààrà ló ń lọ. Mo tiẹ̀ fi sítíárín sílẹ̀. Tààrà ni."

Mo ní mo ti gbọ́. Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbé mi, ẹkún tí mi ò sun lọ́jọ́ tó kú, tí mi ò sun lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín. Àwọn obìnrin ilé sáré wọlé, wọ́n dì mí mú, wọ́n ń ní kí n ṣe sùúrù, kí n fi Ọlọ́run ṣe. Mi ò rí tiwọn rò. Àwòrán yẹn ni mò ń wò, òun ni mo sì ń bá sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá wọn," mo ní. "Ọkọ̀ ló ń fà."